Ẹ̀rọ wo ni kí n gbé lọ sí oko kajú?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, mo sì ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kajú ṣiṣẹ́. Ọ̀kadà ni mo máa ń gùn lọ sí àwọn abúlé apá Ìkòyí-Ilé àti Ìrẹsà-Adú. Mo máa ń kọ orúkọ àgbẹ̀, bí oko rẹ̀ ṣe tóbi tó, àti iye kílò tó kó wá sínú ìwé. Tí mo bá délé lálẹ́, màá tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù. Ó ti sú mi, àṣìṣe sì ń pọ̀. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi iPad tó ti lò ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà fún wa ní Tákíè ní kí n ra láptọ́ọ̀pù kékeré tó ṣeé fi sápò. Ọkọ mi ní fóònù ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, arábìnrin. Ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ forúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire àti Sùúrùlérè bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ ṣe é. Èmi náà ni wọ́n sì ń gbé ẹ̀rọ wá bá tó bá ti bàjẹ́.

Kí á tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan, mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo ara yín níbi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìdúró lẹ wà. Àpò kajú wà lórí òṣùwọ̀n. Oòrùn ọ̀sán oṣù Kẹta ń pa yín lórí. Ọwọ́ kan di ẹ̀rọ mú, ìkejì ń tẹ̀ ẹ́, àgbẹ̀ sì dúró, ó ń wo ẹnu yín, ó fẹ́ gbọ́ iye kílò rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá lè dá yín lóhùn ní ìṣẹ́jú yẹn, ohun yòówù tó lè máa ṣe nínú ilé, kì í ṣe ẹ̀rọ tiyín.

Nítorí náà, ohun tí mo máa rà tó bá jẹ́ èmi ni tábúlẹ́ẹ̀tì Android tí ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 8, tó ń gba síìmù, tó sì ní GPS tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ibi tó wà. Tí owó kò bá ká a, fóònù Android tó dára, tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ nìkan. Láptọ́ọ̀pù tí ẹ ní, kó jókòó sílé, iṣẹ́ ṣì wà fún un níbẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù kékeré tí wọ́n fẹ́ tà fún yín ní Tákíè, ẹ má rà á. Bó ti wù kó kéré tó, itan tàbí tábìlì ni láptọ́ọ̀pù ń wá. Ìgbà kan wà tí mo gbé irú rẹ̀ lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé. Nígbà tí n kò rí ibi gbé e kà, mo gbé e sórí ìjókòó ọ̀kadà. Ọmọdé kan sáré kọjá, ó fara kan ọ̀kadà, kọ̀ǹpútà já bọ́, ojú rẹ̀ sì fọ́ kí n tó kọ orúkọ ẹni kẹta. Ẹ̀yìn ìwé ìkésíni ìgbéyàwó kan tó wà nínú àpò mi ni mo kọ orúkọ àwọn tó kù sí. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti gbé ohun tó ń fẹ́ tábìlì lọ síbi tí kò sí tábìlì.

Ti iPad àbúrò yín gba sùúrù díẹ̀, nítorí ẹ̀bùn ni, a kì í sì í kọ ẹ̀bùn láìwò ó. Ẹ ní kó wo bóyá irú èyí tó ń lo Wi-Fi nìkan ni, tàbí èyí tó tún ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. iPad tó ń lo Wi-Fi nìkan kò ní GPS nínú rárá. Tí Wi-Fi bá wà nítòsí, ó lè méfò ibi tó wà, ṣùgbọ́n láàárín oko kajú kò ní mọ ibi tó dúró sí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n oko jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ yín. Èkejì, ODK Collect, áàpù tí àwọn tó ń kó irú ìsọfúnni báyìí jọ ń lò jù, orí Android nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Èèyàn lè ti inú ìtàkùn ayélujára kún fọ́ọ̀mù lórí iPad, ṣùgbọ́n kò rọ̀ mọ́ ọwọ́ bí áàpù. Ẹ̀kẹta ni ìwúwo: àwọn iPad tí ojú wọn tó nǹkan bí ínǹṣì 10 sún mọ́ ìdajì kílò. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ìwé tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì kí ẹ wò ó. Tábúlẹ́ẹ̀tì ínǹṣì 8 sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 300 sí 400.

Tó bá sì jẹ́ pé fóònù ni àbúrò yín fẹ́ fi dípò rẹ̀, ẹ sọ fún un pé láti orí iPhone 14, tó jáde ní 2022, iPhone tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ojú ihò síìmù mọ́, eSIM nìkan ni, ìyẹn síìmù tí wọ́n ti kọ́ mọ́ inú fóònù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ni kò sì ní Band 20, ìyẹn ìgbì 800 MHz tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ń lò ní Yúróòpù àti Áfíríkà. Ìgbì tó bá lọ sílẹ̀ báyìí máa ń rìn jìnnà ju ìgbì gíga lọ, òun ló sì ń dé abúlé tó jìnnà sí òpó. Ìdí nìyẹn tí fóònù méjì fi lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí síìmù wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọ̀kan máa rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí èkejì má rí nǹkan kan. iPad yẹn, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì fi í fún àwọn ọmọ ka ìwé.

Ọkọ yín kò jẹ̀bi o. Fóònù tó dára lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni fóònù tí ẹ fi ń pe èèyàn, tí ẹ fi ń wo WhatsApp, tí ọmọ sì ń gbà lálẹ́ láti fi ṣeré. Bátìrì rẹ̀ á ti lọ sí ìdajì kí ẹ tó dé oko àkọ́kọ́, ẹnìkan á sì máa pè yín lẹ́yìn ẹnìkan nígbà tí ẹ bá ń tẹ iye kílò. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ máa lò, kó jẹ́ èkejì, kí nọ́ńbà rẹ̀ má tàn káàkiri.

Ẹ lè ti rí ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ẹrù kiri tàbí ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá, èyí tó nípọn, tó ń tan iná pupa sára páálí. Ó lágbára, ṣùgbọ́n iná tó fi ń ka àmì ara páálí yẹn lẹ máa fi owó rà. Àyàfi tí ẹgbẹ́ yín bá ń lẹ irú àmì bẹ́ẹ̀ mọ́ àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ó ku bí ẹ ṣe máa yan tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò.

Ojú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe bó ṣe ń yára. Nit ni wọ́n fi ń wọn bí ojú ẹ̀rọ ṣe ń tàn. Ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kì í ju nit 300 sí 400 lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó máa dán gbinrin. Lábẹ́ oòrùn, ojú ara yín lẹ máa rí nínú rẹ̀ bíi dígí. N kò ní rà èyí tó kéré sí 500 fún iṣẹ́ ìta, tó bá sì sún mọ́ 1,000, ẹ máa gbádùn rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe máa mọ èyí nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní òrùlé. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé e bọ́ síta ní ọ̀sán gangan, ẹ ṣí ohun tí a kọ ní lẹ́tà kéékèèké, ẹ kà á. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ gbé e síta, ẹ má bá a nájà.

Ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ nínú oòrùn a máa mú ẹ̀rọ gbóná, tó bá sì gbóná jù, fúnra rẹ̀ ló máa dín ìmọ́lẹ̀ kù, nígbà tí ẹ sì nílò rẹ̀ jù lọ. Ẹ wá abẹ́ igi tàbí abẹ́ àtíbàbà tí ẹ bá ń kọ̀wé. Ẹ má sì fi páwà báǹkì sí i nínú oòrùn. Bátìrì lithium kò yẹ kí ó máa gba iná nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná ju 45 °C lọ. Ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ kọ sí oòrùn lórí ọ̀kadà lè dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná wá. Ní 1996, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Pilot, láti ilé iṣẹ́ Palm. Mẹ́mórì èyí tó kéré nínú rẹ̀ jẹ́ kílóbáìtì 128 péré. Kò ní àwọ̀, kò lè yàwòrán. Ṣùgbọ́n bátìrì kékeré méjì, irú èyí tí a ń fi sí rìmóòtù, ló ń lò, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n tó kú. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá rí ẹni tó gbé ẹ̀rọ olówó ńlá lọ sí oko, tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní aago méjì ọ̀sán. Ẹni tí kò ní iná nítòsí, bátìrì ni kó fi ṣe ìgbésẹ̀ kìíní.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. mAh ni wọ́n fi ń kọ bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó. Bátìrì mAh 5,000 tí fóltì rẹ̀ jẹ́ 3.85 ní nǹkan bíi watt-wákàtí 19 nínú. Páwà báǹkì tí wọ́n kọ 20,000 sí lára, fóltì 3.7 ni wọ́n fi ṣírò tirẹ̀, ìyẹn watt-wákàtí 74. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé inú ẹ̀rọ, díẹ̀ á di ooru lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá rí ìdá 85 nínú 100 gbà, ó ku 63. Nítorí náà, ìgbà mẹ́ta péré ló máa kún ẹ̀rọ yín, kì í ṣe mẹ́rin bí ẹni tó ń tà á ṣe máa sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta sì ti tó yín láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé di alẹ́ Ọjọ́rú. Èyí tí wọ́n bá kọ 50,000 sí, tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ bíi bébà, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Agbára máa ń wúwo.

Bí ẹgbẹ́ bá lè dá owó jọ, irú kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an fún iṣẹ́ báyìí: Galaxy Tab Active ti Samsung, bíi Tab Active3 tó jáde ní 2020 tàbí Tab Active5 ti 2024. Ínǹṣì 8 ni wọ́n, wọ́n ní IP68, ìyẹn àmì pé eruku àti omi kò lè tètè wọ inú wọn, ẹ sì lè yọ bátìrì wọn kí ẹ fi òmíràn sí i bí ẹni pààrọ̀ bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Nínú fóònù, XCover6 Pro ti 2022 náà ń jẹ́ kí a yọ bátìrì rẹ̀. Owó wọn ga. Ṣùgbọ́n lọ́dún kẹta, nígbà tí bátìrì bá ti gbó, tuntun nìkan lẹ máa rà, ẹ kò ní ra odindi ẹ̀rọ.

Àmì IP yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ nípa eruku, 6 ló sì ga jù. Nọ́ńbà kejì ń sọ nípa omi. IP67 túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọlé rárá, àti pé ẹ̀rọ náà lè wà nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà lójú títì oníyẹ̀pẹ̀ nígbà ọyẹ́ mọ ohun tí eruku lè ṣe sí ojú ihò ṣájà. Tí èyí tí ẹ rà kò bá ní IP, ẹ ra àpò rọ́bà tó nípọn fún un, kí ẹ sì bo ihò náà. Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìwé wọn: omi èso kajú máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀rọ, ìka kò sì ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ máa mú akísà tútù kékeré dání. Epo inú èèpo kóró kajú tí a kò tíì yan a sì máa jó ara, ẹ nu ọwọ́ kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ, kí ẹ má baà fi nu ojú lẹ́yìn náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà jù ni ìwọ̀n oko, nítorí owó àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀. GPS kò nílò dátà, ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ló ti ń gba ohun tó ń gbà, nítorí náà kò sí abúlé tí ó jìnnà jù fún un. Ní gbangba tí kò sí ohun tó bo ojú ọ̀run, fóònù lásán máa ń mọ ibi tó wà sí nǹkan bíi mítà 5. Ó dà bí nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n éékà kan jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 4,047, ìyẹn bíi mítà 63 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ìlà tí ẹ rìn bá yà síta ní mítà 3 péré yíká, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á di 69, oko náà á sì di 4,761. Ẹ ti fi bí ìdá kan nínú márùn-ún kún oko tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá ń pín ajílẹ̀ tàbí oògùn ní ìbámu pẹ̀lú éékà, ẹni kejì lẹ ti yàn jẹ.

Igi kajú tó ti dàgbà, tí ewé rẹ̀ ti pàdé lókè, a máa mú kí ó burú sí i. Nítorí náà, etí ìta oko ni kí ẹ máa gbà, kì í ṣe abẹ́ igi. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta kí ẹ̀rọ lè rí sátẹ́láìtì tó pọ̀. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún àwọn ọmọ tí mo kọ́ ni pé tí ìrìn méjèèjì bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá yàtọ̀ síra, ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀kẹta. Tí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì GPS méjì, tí wọ́n máa kọ L1 àti L5 sí ara ìwé rẹ̀, ẹ fi owó kún un, ó ń ṣe dáadáa ju ti ìgbì kan lọ. Ọdún 2018 ni fóònù àkọ́kọ́ tó ní i, Mi 8 ti Xiaomi, jáde, nítorí náà kì í ṣe ohun àràmàǹdà mọ́.

Áàpù ni ó máa bá yín pa àṣìṣe rẹ́. ODK Collect tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn olùwádìí Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2008. KoboCollect, tí a kọ́ sórí rẹ̀, náà dára. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù yín lórí láptọ́ọ̀pù nílé (ẹ rí i pé iṣẹ́ ṣì wà fún un), ẹ ó fi sórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì máa kún un lóko láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wọlé, ẹ tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo rẹ̀ á lọ. Kò sí àtúntẹ̀ lálẹ́ mọ́. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ẹ lè sọ fún fọ́ọ̀mù náà pé àpò kan kò gbọdọ̀ ju kílò 100 lọ. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ 780 dípò 78, kò ní gbà, àgbẹ̀ sì wà níwájú yín tí ẹ lè bi léèrè. Ìwé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ tún fi kíbọọ̀dù Yorùbá ti Gboard sórí ẹ̀rọ náà, kí ẹ lè kọ orúkọ àgbẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ bí ó ṣe ń jẹ́ gan-an. Orúkọ méjì tí ó jọra láìsí àmì ti fa ìjà rí níwájú mi lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín owó.

Fún ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, RAM, ìyẹn mẹ́mórì tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ dín sí 4 GB, ibi ìpamọ́ 64 GB tó. Tí wọ́n bá ní "4 pẹ̀lú 4, ó di 8", 4 lẹ rà. Ìyókù jẹ́ ibi ìpamọ́ tí wọ́n yá fún RAM lò, kò sì yára bíi RAM.

Tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ì báà jẹ́ ní Tákíè, ní Under G, tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ má kúrò níwájú ẹni tó tà á kí ẹ tó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ sì tún un gbé dìde lórí Wi-Fi. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì kan ti jẹ́ ti iléèwé tàbí ilé iṣẹ́ lókè òkun rí, títì wọn kò sì tíì kúrò. Wọ́n á ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ tí ẹ bá pa nǹkan inú wọn rẹ́, wọ́n á wá béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé ilé iṣẹ́ náà. Mo ní mẹ́ta irú rẹ̀ nínú àpótí mi tí àwọn tó ni wọ́n kò wá gbà mọ́. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde wé ti ara páálí. Ẹ fi síìmù tiyín sí i, ẹ pe èèyàn bó bá ń pè, ẹ pa dátà, kí ẹ ṣí máàpù níta kí ẹ rí i bóyá ó mọ ibi tí ẹ dúró sí.

Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àti oko àwọn èèyàn ló máa wà nínú ẹ̀rọ yìí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ti sọ pé ẹni tó kó irú rẹ̀ jọ ló ni ẹrù ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tí kò rọrùn láti mọ̀ tì í, kì í ṣe ọdún ìbí yín, kí ẹ sì tan ohun tí a fi ń wá ẹ̀rọ tó bá sọnù.

Kí kajú ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀ márùn-ún tí ilé wọn kò jìnnà. Ẹ mú ìwé yín dání pẹ̀lú, kí ẹ kọ ohun kan náà sínú méjèèjì. Tí ẹ bá délé, ẹ fi wọ́n wéra, ibi tí wọn kò bá ti bára mu, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí á jọ tún fọ́ọ̀mù náà ṣe.